Ìdá Kan Nínú Mẹ́wàá: Ẹgbẹ́ Star of Indiana àti Ìdájọ́ Iṣẹ́ Ọnà

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993, ní pápá ìṣeré kan ní ìlú Jackson, ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn adájọ́ kéde pé ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè tí ń jẹ́ Cadets of Bergen County gba máàkì 97.4 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé ẹgbẹ́ Star of Indiana gba 97.3. Ìdá kan ṣoṣo nínú mẹ́wàá máàkì kan ni ó là wọ́n láàárín. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní gbé ipò kìn-ín-ní lọ sílé. Ẹgbẹ́ kejì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kò sì padà wá díje mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn olólùfẹ́ iṣẹ́ yìí ti ń jiyàn lórí ìdá kan yẹn, wọn kò sì tíì parí rẹ̀.

N kò ní í dá sí iyàn ta ni ó yẹ kí ó borí. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni máàkì lè sọ fún wa nípa iṣẹ́ ọnà? Kí sì ni iṣẹ́ ọnà ń dà nígbà tí kò bá sí ẹni tí yóò fún un ní máàkì mọ́? Ìtàn Star of Indiana kan ìbéèrè méjèèjì, nítorí pé ẹgbẹ́ náà fi ọdún mẹ́sàn-án díje lábẹ́ ojú àwọn adájọ́, lẹ́yìn èyí ni ó kúrò níbẹ̀, tí ó sì bọ́ sórí ìtàgé níbi tí ẹni tí ó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ti ń ṣe ìdájọ́. A rí i lójú ogun, a sì rí i nílé. Àwọn tí a lè rí ní ọ̀nà méjèèjì bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ ibi tí irú ẹgbẹ́ báyìí ti ṣẹ̀. Inú àgọ́ ológun ni. Láyé àtijọ́, ìlù àti fèrè kékeré tí wọ́n ń pè ní bugle ni ẹnu ọ̀gágun. Òun ni ó ń jí àwọn ọmọ ogun, òun ni ó ń pè wọ́n sí oúnjẹ, òun náà ni ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọlu ọ̀tá tàbí kí wọ́n padà sẹ́yìn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní parí ní ọdún 1918, àwọn tí ó ti ogun bọ̀ dá ẹgbẹ́ American Legion sílẹ̀ ní ọdún 1919. Ẹ̀ka wọn tàn ká àwọn ìlú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka náà sì kó ìlù àti fèrè jọ. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ náà kọ́ àwọn ọmọ wọn. Àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ Scout náà wọ inú rẹ̀. Ìjọ Àgùdà kan ní ìlú Garfield, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ni ó bí ẹgbẹ́ Holy Name Cadets ní ọdún 1934, òun ni ó sì di Cadets tí a dárúkọ lókè. Èrò yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ẹgbẹ́ Boys' Brigade tí ó ti wà ní Èkó láti ọdún 1908 gba ọ̀nà kan náà wá: ìlù, fèrè, aṣọ kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, àti ìgbàgbọ́ àwọn àgbà pé ọmọ tí ó bá mọ ẹsẹ̀ í gbé pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn kò ní í ya ìpáǹle.

Láàárín ọdún 1920 sí 1970, àwọn ẹgbẹ́ ológun-fẹ̀yìntì ni wọ́n ń ṣètò ìdíje tí wọ́n sì ń ṣe òfin rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ń kọ́ àwọn ọmọ náà lójoojúmọ́ rí i pé àwọn kò ní ẹnu nínú òfin tí ń darí iṣẹ́ àwọn. Ní ọdún 1971, àwọn olórí ẹgbẹ́ bíi mélòó kan dá àjọ tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Drum Corps International. Ní ọdún 1972 ni àjọ náà ṣe ìdíje àṣekágbá àkọ́kọ́ ní ìlú Whitewater, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ẹgbẹ́ Anaheim Kingsmen láti California ni ó sì borí. Láti ọjọ́ náà ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹ̀mí ológun tí ó bí iṣẹ́ yìí àti ẹ̀mí oníṣẹ́ ọnà tí ń fẹ́ gbà á tọ́.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti rí ní àkókò tí à ń sọ yìí. Ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ ju ènìyàn 128 lọ, ọ̀dọ́ tí ó bá sì ti kọjá ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kò lè yan mọ́. Àwọn kan ń fun fèrè idẹ, àwọn kan ń lu ìlù, àwọn kan sì ń jó pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. Orí pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tí ó gùn tó ọgọ́rùn-ún yáàdì, ni wọ́n ti ń ṣeré. Eré náà kò ju bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ, ṣùgbọ́n odidi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi ń ṣe é láti ìlú dé ìlú. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń sùn lóru, ilẹ̀ gbọ̀ngán ilé ìwé ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí ní òwúrọ̀, inú oòrùn ni wọ́n sì ti ń ṣe àtúnṣe ìgbésẹ̀ kan náà ní ìgbà àìníye. Fèrè wọn pàápàá kò sinmi àyípadà. Fèrè ológun àtijọ́ kò ní ju ohùn mélòó kan lọ. Ní ọdún 1977 ni àjọ náà gba fáàfù méjì láyè, èyí tí ìka ń tẹ̀ kí ohùn lè yí padà. Ní ọdún 1990 ni ó gba ẹ̀kẹta láyè. Ọdún mẹ́ta péré ni ó wà láàárín fáàfù kẹta yìí àti eré tí ó di àríyànjiyàn ní Jackson. Bí fèrè kò bá lè sọ gbogbo ohùn, ta ni yóò ronú láti fi í sọ ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro?

Nísinsìnyí ni ọ̀rọ̀ kan ìdájọ́ gan-an. Títí di ọdún 1983, àṣìṣe ni àwọn adájọ́ ń kà. Adájọ́ á mú ìwé àti kálámù lọ́wọ́, á máa rìn láàárín àwọn ọmọ náà lórí pápá. Bí ẹnì kan bá fun fèrè ṣáájú àwọn yòókù, adájọ́ á fa ìlà kan. Bí ẹsẹ̀ kan bá yà kúrò lórí ìlà, á fa òmíràn. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń mú ìdá kan nínú mẹ́wàá máàkì kan lọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe àṣìṣe tí ó kéré jù ni ó ń borí. Ní ọdún 1984, àjọ náà pa ọ̀nà yìí tì. Láti ìgbà náà, adájọ́ kì í yọ máàkì nítorí àṣìṣe mọ́. Ó ń gbé máàkì ga nítorí ohun tí ó dára: bí iṣẹ́ náà ti ṣòro tó, bí a ti ṣe é tó, àti bí ó ti wọ ènìyàn lọ́kàn tó.

Mo rọ òǹkàwé pé kí ó dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí pé ibí ni kókó ọ̀rọ̀ náà wà. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá ní ìtumọ̀ tí ó ṣe é fọwọ́ kàn. Àṣìṣe kan ni. A lè bi adájọ́ léèrè pé, níbo ni? Yóò sì fi ìka tọ́ ọ: ọmọ yẹn, ní ibẹ̀ yẹn, ni ó ju ìgi ìlù rẹ̀ nù. Nígbà tí wọ́n yí òfin padà, ìtumọ̀ náà kú, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n náà kò kú. Wọ́n ṣì ń ka ìdá kan nínú mẹ́wàá bí ẹni pé ó ń tọ́ka sí nǹkan kan. Ní ọdún 1993, bí a bá bi ẹnikẹ́ni léèrè pé níbo gan-an ni ìdá kan tí Star pàdánù wà, kò sí ibi tí ó lè fi ìka tọ́. Èrò orí ọ̀pọ̀ adájọ́ ni wọ́n rò pọ̀ mọ́ ara wọn. Àṣírí òṣùwọ̀n nìyẹn: ó lè máa dún bí òótọ́ lẹ́yìn tí ohun tí ó ń wọ̀n ti lọ.

Ta wá ni Star of Indiana? Ọkùnrin oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Bill Cook ni ó dá a sílẹ̀ ní ìlú Bloomington, ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ní ọdún 1963 ni Cook àti ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun èlò ìṣègùn nínú yàrá kan nílé wọn, iṣẹ́ náà sì sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀ ńlá. Owó yìí ni ó ná lé àwọn ọmọ náà lórí. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tọrọ owó, wọ́n ń tún bọ́ọ̀sì ògbólógbòó ṣe lójú ọ̀nà. Ẹgbẹ́ tuntun yìí dé pẹ̀lú ohun èlò pípé àti àwọn olùkọ́ tí ó gbóná. Àwọn Yorùbá ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Àwọn Yorùbá kan náà ni ó sì sọ pé ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Òwe kejì yìí ni ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí Star kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1985. Ẹgbẹ́ náà gba ipò kẹwàá ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹgbẹ́ kan tí ó tíì wọ àwọn méjìlá tí ń díje ní alẹ́ àṣekágbá ní ọdún tí a dá a sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Dípò kí wọ́n yìn wọ́n, àwọn kan sọ pé owó ni wọ́n fi ra ipò.

Ẹ̀sùn yìí ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kò tó. Owó lè ra fèrè, ó lè ra bọ́ọ̀sì, ó sì lè ra olùkọ́. Kò lè ra ẹsẹ̀ tí ń gbé pọ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tí ń yan nínú oòrùn oṣù Keje kò mọ iye tí ó wà ní bánkì Bill Cook. Òógùn tirẹ̀ ni ó ń gbẹ lára rẹ̀. Ohun tí owó ṣe fún Star gan-an ni pé ó fún un ní ìgboyà. Ẹgbẹ́ tí ń bẹ̀rù pé àwọn olùrànlọ́wọ́ lè bínú kò ní í gbé ohun tí ó ṣàjèjì síwájú wọn. Star kò ní irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n tí ó gbé Star dé òkè wá láti ọwọ́ George Zingali, ẹni tí ń ya àwòrán ìrìn fún wọn. Kí ọkùnrin yìí tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti bá ẹgbẹ́ Garfield Cadets ṣiṣẹ́, ó sì wà lára àwọn tí ó yí ojú iṣẹ́ náà padà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Tẹ́lẹ̀, ohun tí ó bá wà ní apá ọ̀tún pápá gbọ́dọ̀ wà ní apá òsì, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun tí ó tò síwájú ọba. Zingali tú u ká. Ó sọ ìlà di odò tí ń ṣàn, ó jẹ́ kí apá kan pápá wúwo kí èkejì sì ṣófo, tí ojú olùwòran fi ní láti máa wá ibi tí yóò sinmi sí. Ní ọdún 1991, ní ìlú Dallas, Star fi orin Ottorino Respighi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ṣe eré tí wọ́n pè ní Roman Images, wọ́n gba máàkì 97.0, wọ́n sì gba ipò kìn-ín-ní. Nínú eré náà ni àgbélébùú ńlá kan ti hàn lórí pápá. Ó tú ká níṣojú wa, ó sì tún di àgbélébùú mìíràn kí a tó mọ ẹni tí ó lọ síbo. Zingali kú ní ọdún 1992, ní ọdún kan lẹ́yìn èyí.

Eré ọdún 1991 dára, ó sì rọrùn láti fẹ́ràn. Orin Respighi tóbi, ó ń dán, a mọ ibi tí ó ń lọ, a sì ti múra láti pàtẹ́wọ́ kí ó tó débẹ̀. Bí Star bá ti dúró síbẹ̀, ìtàn rẹ̀ ì bá jẹ́ ìtàn ẹgbẹ́ olówó tí ó borí lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní ọdún 1993, wọ́n mú iṣẹ́ akọrin méjì. Èkínní ni orin tí Samuel Barber, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ lórí Mèdéà, obìnrin inú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Gíríìkì, tí ó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọkọ, tí ọkọ náà já a kulẹ̀, tí ó sì gbẹ̀san débi pé ó pa àwọn ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Èkejì ni orin tí Béla Bartók, ọmọ ilẹ̀ Hungary, kọ ní ọdún 1936 fún ohun èlò olókùn, ìlù àti sẹlẹ́sítà. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé àṣejù ni. Fèrè àti ìlù orí pápá, kí ni ó kàn wọ́n nínú ohun èlò olókùn? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ijó ni Barber kọ́kọ́ kọ orin Mèdéà fún, fún oníjó Martha Graham ní ọdún 1946. Bartók náà pàṣẹ pé kí àwọn olókùn pín sí ọ̀nà méjì, kí apá kan jókòó ní òdìkejì èkejì, kí ohùn lè máa fò láti ìhín dé ọ̀hún. Orin kan ń béèrè ara ènìyàn, orin kejì ń béèrè àyè. Ara àti àyè sì ni nǹkan méjì tí ẹgbẹ́ orí pápá ní ju ẹgbẹ́ akọrin inú gbọ̀ngán lọ. Ẹni tí ó yan orin méjèèjì pọ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe.

Bí wọ́n ti ṣe eré náà bá èrò yìí mu. Onífèrè kò kàn ń gbé fèrè rìn mọ́. Wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ń yí, wọ́n ń fi èjìká àti orí sọ̀rọ̀, tí a kò fi lè sọ pé ibí ni oníjó parí sí tí onífèrè ti bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ wà láàárín orin, irú ìdákẹ́jẹ́ tí ń ba ènìyàn lẹ́rù nínú pápá tí ó kún. Ohùn kò gba ibi tí etí ń retí. Àwọn olùwòran kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fẹ́ràn ohun tí wọ́n rí. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọgbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ògìdìgbó ni Star lù ní Jackson. Òde tí wọ́n ti lù ú sì jẹ́ òde tí ènìyàn ti wá pẹ̀lú ọmọ àti ìpanu lọ́wọ́, tí wọ́n fẹ́ kí inú wọn dùn.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà kò ní àbùkù. Lójú tèmi, àbùkù rẹ̀ wà nínú ohun tí ó ṣe pẹ̀lú Mèdéà fúnra rẹ̀. Ìtàn ìyá tí ó pa ọmọ rẹ̀ ni ó wà ní ìdí orin yìí, ṣùgbọ́n ohun tí a rí lórí pápá ni ìlà tí ń já àti igun tí ń yí. Ìbínú wà níbẹ̀, ó mú bí abẹ. Ìbànújẹ́ kò sí. Ẹni tí kò mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀ kò ní í mọ̀ pé ọmọ kan kú. Star fi ọgbọ́n yọ omijé kúrò nínú orin náà, wọ́n sì fi eegun rẹ̀ hàn wá. Eegun náà lẹ́wà lọ́pọ̀lọpọ̀. Síbẹ̀, mo gbà pé olùwòran tí ó sọ pé òtútù mú òun kì í ṣe òpè.

Ní ọ̀dọ̀ Cadets, nǹkan yàtọ̀. Wọ́n mú àkọlé eré wọn láti inú iṣẹ́ David Holsinger, akọrin tí òun náà mú un láti inú Ìwé Kíróníkà Kìn-ín-ní, orí ogún, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ àkókò tí àwọn ọba máa ń jáde lọ sí ogun, tí Dáfídì sì dúró sílé. Aṣọ wọn jọ ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ológun ní West Point. Ìrìn wọn yá, ó ń sáré, ó sì léwu, a sì máa ń mọ̀ ní gbogbo ìgbà pé ìṣẹ́gun ni ó ń bọ̀ ní ìparí. A kò gbọdọ̀ fi ojú ẹ̀gàn wo èyí. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni Zingali ti bá tú ìlà ká ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú, tí àwọn àgbà sì ń pariwo pé wọ́n ti ba àṣà jẹ́. Ọlọ̀tẹ̀ àná ni ó di olùtọ́jú àṣà lónìí. Cadets ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé ó dára, wọ́n sì ṣe é tán pátápátá. Star ń béèrè bóyá ohun mìíràn lè dára.

Báwo ni a ó ṣe fi òṣùwọ̀n kan wọn iṣẹ́ méjì bẹ́ẹ̀? Mo gbà pé àwọn adájọ́ Jackson ṣe iṣẹ́ wọn pẹ̀lú òtítọ́. Wọ́n rí i pé iṣẹ́ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú ìṣòro àti nínú ìmọ́tótó, ohun tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́wọ́ wọn. Àwa ni a mú nọ́ńbà tí ń sọ pé àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí a sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ pé ọ̀kan ju èkejì lọ.

Lẹ́yìn Jackson, Star kúrò nínú ìdíje. Ní ọdún 1994, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹgbẹ́ Canadian Brass ṣeré kiri. Láti inú èyí ni eré ìtàgé tí wọ́n pè ní Blast! ti jáde. Wọ́n ṣí i ní London ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, ó dé Broadway ní New York ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Tony ní ọdún náà fún eré ìtàgé àkànṣe. Ó gba Emmy pẹ̀lú nítorí ijó rẹ̀. Ó dé Japan, àwọn ará ibẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ìtàn bá jẹ́ ti ẹ̀san, ìtàn yìí dùn parí: àwọn tí a fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé sẹ́yìn ni ó padà gba àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù ní ìlú New York.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ alárìíwísí kì í ṣe láti ka àmì ẹ̀yẹ. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé, kí ni iṣẹ́ náà dà? Blast! jẹ́ àkójọ eré kéékèèké tí wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ òṣùmàrè. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bolero, ó parí pẹ̀lú Malagueña. Mèdéà ọdún 1993 wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di apá kan láàárín ọ̀pọ̀. Ìtùnú wà níwájú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó ń ba ènìyàn lẹ́rù lórí pápá di ohun tí iná aláwọ̀ mèremère ń tàn sí. Gbogbo ènìyàn mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Lórí pápá, olùwòran wà lókè, ó ń wo àwòrán tí ó fẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún yáàdì. Nínú gbọ̀ngán, ó wà níwájú, àwọn tí ó wà lẹ́yìn sì sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn tí ó wà níwájú. Àyè tí Bartók béèrè ti dín kù.

Èyí ni ó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí. A máa ń rò pé adájọ́ ni ó ń dè oníṣẹ́ ọnà mọ́lẹ̀, pé bí a bá tú u sílẹ̀, yóò fò. Star bọ́ lọ́wọ́ adájọ́, kò sì jinlẹ̀ sí i. Ó dùn sí i. Ẹni tí ó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì rọ̀ ju adájọ́ lọ nínú ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ nínú ọ̀rọ̀ inú dídùn: bí inú rẹ̀ kò bá dùn, kò ní í padà wá lọ́la. Adájọ́ ní láti jókòó títí eré fi parí, ìbáà dùn mọ́ ọn, ìbáà má dùn mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí Star fi lè lu ògìdìgbó fún un. Ìdí mìíràn tún wà, òun náà sì ni alátakò. Irin ni a fi ń pọ́n irin. Bí kò bá sí Cadets ní ìhà kejì, tí ń ṣe ohun tí gbogbo ayé mọ̀ láìsí àṣìṣe, bóyá Star ì bá má ti wá ohun tí ẹnìkan kò mọ̀. Máàkì kò wọn iṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n ìdíje wà lára ohun tí ó bí i.

Ìdíje náà ní iye tí ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Bí a kò bá sọ èyí, a kò tíì sọ òótọ́ tán. Ní ọdún 2018, olùdarí tí ó ti wà ní ipò àṣẹ ní Cadets fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún fi ipò sílẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn obìnrin mélòó kan fi ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ kàn án. Ní ọdún 2024, lábẹ́ ẹrù ẹjọ́ àti ìnáwó, ẹgbẹ́ náà ti ilẹ̀kùn rẹ̀, lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ọdún àti ipò kìn-ín-ní mẹ́wàá nínú ìdíje àjọ náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbà bá ń wo pátákó máàkì, ta ni ń wo orí ọmọ? Ẹgbẹ́ tí ó mọ bí a ti í rí ẹsẹ̀ kan tí ó yà láàárín ẹsẹ̀ 256 kò rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó náà kò sì yọ àwọn yòókù sílẹ̀. Santa Clara Vanguard, tí ó borí ní ọdún 2018, kò lè jáde ní ọdún 2023 nítorí àìsí owó tó. Lónìí, ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan ní láti san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là kí ó tó lè yan fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà láti gba ọmọ ìlú kúrò ní ìgboro ti di ohun tí ọmọ tálákà ń wò láti ẹ̀yìn ọgbà.

Ọ̀nà mìíràn ha wà? Àrùn Kòrónà fún wọn láyè láti dán an wò láìfẹ́. Ní ọdún 2020, kò sí ìdíje rárá. Ní ọdún 2021, wọ́n kóra jọ ní Indianapolis, wọ́n ṣeré fún ara wọn láìsí máàkì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, máàkì padà dé, gbogbo wọn sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. N kò dá wọn lẹ́bi. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré: kí adájọ́ dúró, kí alátakò dúró, ṣùgbọ́n kí a dẹ́kun láti máa ka nọ́ńbà bí ẹni tí ń ka Ìwé Mímọ́.

Nínú àwọn méjì tí ó jìjàdù ìdá kan nínú mẹ́wàá ní Jackson, kò sí èyí tí ó wà mọ́. Èyí tí ó pàdánù kúrò lórí pápá ní ọdún náà gan-an, èyí tí ó borí sì kú ní ọdún 2024. Bill Cook kú ní ọdún 2011. Àwọn ọmọ tí ó yan ní alẹ́ ọjọ́ náà ti kọjá ogójì ọdún dáadáa. Iṣẹ́ méjèèjì wà nínú fídíò, ẹni tí ó bá fẹ́ lè wò wọ́n ní ìtẹ̀léra. Bí ó bá wò wọ́n, yóò rí i pé àwọn ẹgbẹ́ òní ti kọ́ láti tẹ̀, láti yí, láti dákẹ́ lójijì, gẹ́gẹ́ bí Star ti ṣe, àti pé wọ́n ṣì ń sáré pẹ̀lú ewu gẹ́gẹ́ bí Cadets ti ṣe. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn gba lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Wọn kò béèrè ta ni ó ní 97.4.